Ta Ni Olè, Ta Ni Olóhun? Ìwà Ọ̀daràn àti Ààbò Ìlú nínú Ìtàn Ìbàdàn

Ìfáárà

Nínú àwọn oríkì tí a fi ń ki ìlú Ìbàdàn, kò sí èyí tí àlejò tètè máa ń gbọ́ tó èyí tí ó sọ pé nínú ìlú náà, bí olè àti ẹni tí ó ni ẹrù bá jọ dé iwájú adájọ́, olè ni yóò gba àre lọ. Ọmọ Ìbàdàn a máa fi í yangàn. Ará ìlú mìíràn a máa fi í bú wọn. Ẹni tí wọ́n bá já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ a máa fi í sunkún ara rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà ti ń lò ó bí ẹni pé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni. Mo ti ka iṣẹ́ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pọ̀ díẹ̀ lórí ààbò ní Ìbàdàn, tí ìfáárà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì yìí, tí orí kejì wọn gbé àtẹ ìṣirò kalẹ̀, tí ìgúnlẹ̀ wọn sì sọ pé ìwà ọ̀daràn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìlú náà láti ìpìlẹ̀.

Èrò mi nínú àròkọ yìí yàtọ̀ sí tiwọn. Mo gbà pé olè wà ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní gbogbo ìlú tí ọjà bá ti tóbi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn pé iye olè kọ́ ni oríkì náà ń kà. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni ó ń sọ: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti mú nǹkan, ta ni ó ní agbára láti pe ẹlòmíràn ní olè, ta sì ni àwọn aláṣẹ yóò gbọ́ tirẹ̀. Láti ìgbà tí Ìbàdàn ti jẹ́ ibùdó ogun títí di ìgbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ìbéèrè yìí ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú náà. Bí a kò bá kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀, ìṣirò èyíkéyìí tí a bá gbé kalẹ̀ yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ibùdó ogun tí ó di ìlú

Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti jọ pa Òwu run wá tẹ̀dó sí abúlé Ẹ̀gbá kan tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti sá lọ. Wọn kò wá dá ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú adé àti ìlànà ìdílé ọba. Ibùdó ni wọ́n dá. Ìjà láàárín wọn sì mú kí àwọn ará Ọ̀yọ́ gba agbára lọ́wọ́ àwọn ará Ifẹ̀ tí Máyẹ̀ jẹ́ olórí wọn. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kò fi bò pé ìfipágbà, ìwà ipá àti ìjínigbé wọ́pọ̀ ní ibùdó náà ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Isaac Babalọlá Akínyẹlé náà, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955, ti kọ ìtàn ìlú náà ní èdè Yorùbá láti 1911. Ẹni tí ó bá ka àwọn méjèèjì yóò rí i pé ogun ni iṣẹ́ ìlú, ẹrú àti ẹrù ni èrè rẹ̀.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ni à ń pè ní olè? Ẹni tí ó bá lọ sí sùnmọ̀mí ní ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà, tí ó mú ènìyàn mẹ́ta àti ewúrẹ́ mẹ́wàá bọ̀, akọni ni wọ́n ń pè é ní Ìbàdàn. Ní ilé àwọn tí ó kó, gbọ́mọgbọ́mọ ni. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn rán lọ sí ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun a máa gba ohun tí ó wù wọ́n ní orúkọ olórí tí ó rán wọn. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó mú kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, tí Ogun Kírìjì fi bẹ̀rẹ̀, tí àdéhùn àlàáfíà kò sì wáyé títí di 1886. Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni ó ń jẹ́, ìhà ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni yóò pinnu èyí tí yóò pè é.

Nínú ìlú gan-an pàápàá, ààlà tí ó wà láàárín ìgbàlọ́wọ́ẹni tí òfin gbà láyè àti olè jíjà kò nípọn. Ẹni tí a bá jẹ ní gbèsè lè rán ènìyàn lọ dógò ti onígbèsè: ẹni náà yóò jókòó sínú ilé, yóò máa pariwo, yóò sì máa mú adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá rí, títí tí wọn yóò fi wá owó. Ìbàdàn kò ní ọba tí gbogbo ẹjọ́ ń lọ sí ààfin rẹ̀. Agbo ilé olóyè kọ̀ọ̀kan ni kóòtù, olórí ogun ni adájọ́. Àwọn òpìtàn bí Bọ́láńlé Awẹ́ àti Toyin Falọlá ti fi hàn bí ìlú náà ṣe dúró lórí ìbáṣepọ̀ bàbá-ogun àti àwọn tí ó sá di í. Ẹni tí ó ní bàbá-ogun tí apá rẹ̀ gùn ní agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò ní, kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí oríkì bá sọ pé olè ni a dá láre, mo gbà pé ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó ni ẹrù kò ní olórí tí ó tó ti olè.

Ikú Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1874 fi èyí hàn kedere. Obìnrin náà lọ́rọ̀, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé tí fọ́léfọ́lé yóò déédéé wọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, Ààrẹ Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, ó san owó ìtánràn tí wọ́n bu fún un, síbẹ̀ ẹrú inú ilé rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru nínú yàrá tí ó sùn sí. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Odi Ìbíkúnlé yí ìlú ká, oníbodè sì wà ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ìwó. Ọ̀tá ni odi ń dí lọ́nà. Kò lè dí aláṣẹ inú ilé lọ́nà.

Ìjọba amúnisìn, reluwé àti jàgùdà

Ní 1893, àwọn olóyè Ìbàdàn fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, a sì fi Captain R. L. Bower ṣe Ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1897 a dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin dé láti Èkó. Ní 1904 àdéhùn mìíràn fún ilé ẹjọ́ gíga ìjọba amúnisìn ní agbára lórí ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà. Láàárín ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ ogun kásẹ̀ nílẹ̀, sùnmọ̀mí di ọ̀ràn, ẹ̀tọ́ láti pa ènìyàn ní ìdájọ́ sì kúrò lọ́wọ́ àwọn olóyè. Ìgbà yìí ni irú ìwà ọ̀daràn tí a lè kà nínú ìwé bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà yìí ni akọ̀wé kóòtù dé.

Òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Bí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ olè bá pọ̀ lẹ́yìn 1904 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò túmọ̀ sí pé olè pọ̀ sí i. Ohun tí ó pọ̀ sí i ni ìwé. Àwọn ẹjọ́ tí mọ́gàjí ìbá parí nínú agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ní nọ́ńbà. Bákan náà, ohun tí kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lánàá di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí, bí àìsan owó orí.

Síbẹ̀, irú olè kan wà tí ó jẹ́ ọmọ ìgbà tuntun lóòótọ́. Òun ni jàgùdà. Simon Heap, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1997 lórí àwọn jàgùdà Ìbàdàn láàárín 1930 sí 1960, ti ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fo kọjá. Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí iṣẹ́ jàgùdà nílò. Ó nílò àpò, nítorí ẹni tí owó ẹyọ rẹ̀ wúwo tó ẹrù orí kò ṣeé já lápò. Ó nílò owó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó nílò èrò tí kò mọ ara wọn, tí wọ́n ń fún ara wọn mọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní Dùgbẹ̀ àti ní Gbági. Ó sì nílò àgbẹ̀ tí ó ta kòkó tán tí kò tíì délé. Reluwé, kòkó àti owó sílè ni wọ́n para pọ̀ bí jàgùdà. Nígbà tí iye owó kòkó já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ pọ̀, ọjà kò sì tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi jàgùdà gbe èrò pé olè jíjà jẹ́ àjogúnbá láti ibùdó ogun yóò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi dúró di ìgbà reluwé kí ó tó dé.

Ìgbà kan náà ni ìbẹ̀rù àlejò wọ inú ọ̀rọ̀ ààbò. Ní 1916 ni a ya Ṣábó sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá, pẹ̀lú olórí tiwọn tí yóò máa dáhùn fún ìwà wọn, gẹ́gẹ́ bí Abner Cohen ti ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1969. Ìlànà náà kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn: olórí kan dúró fún àwọn kan, bí bàbá-ogun ti ń dúró fún àwọn tirẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ó di ìlà ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ó rọrùn láti na ìka sí àdúgbò kan bí nǹkan bá sọnù, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin Haúsá kan náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ gbà láti máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn lóru. Ìlú tí ó bẹ̀rù àlejò pé ó lè jalè ni ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún àlejò.

Ọdẹ, ọlọ́pàá àti òru ìlú

Ta ni ó ń ṣọ́ Ìbàdàn lóru? Ìdáhùn tí ìjọba ń fẹ́ ni pé ọlọ́pàá ni. Ìdáhùn tí àwọn ará ìlú mọ̀ ni pé ọdẹ ni. Laurent Fourchard, nínú àròkọ kan tí ó jáde ní 2008, fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ aṣọ́de tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní vigilante ní àwọn ọdún 1980 kì í ṣe nǹkan tuntun. Orúkọ ni ó yí padà. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ará àdúgbò àti ará oko ti ń dáwó jọ fún ọdẹ tí yóò máa rìn káàkiri lóru. Ìjọba amúnisìn kò ní ọlọ́pàá tí ó tó, kò sì fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá gbé ìbọn rìn. Ó ń fi ojú kan gbà wọ́n láyè, ó ń fi ojú kejì ṣọ́ wọn.

Àwọn akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àwọn olóyè kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyì. Nígbà tí òṣèlú dé, àwọn olóṣèlú lò wọ́n láti fi ìyà jẹ ẹni tí kò bá wọn ṣe ẹgbẹ́. Nígbà ìjà wẹ́tìẹ̀ tí ó dáná sun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1965 sí 1966, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ láàárín ọlọ́pàá ìbílẹ̀ àti jàǹdùkú ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìjọba ológun tí ó dé ní 1966 pinnu láti fòpin sí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, ó sì kó iṣẹ́ náà fún ọlọ́pàá àpapọ̀. Ìdí tí ìjọba fi ṣe bẹ́ẹ̀ yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n àyè tí ó ṣófo kò pẹ́ kí nǹkan mìíràn tó wọ inú rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ni ẹ̀rí rẹ̀ tí ó tóbi jù. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn kọ̀ láti san owó orí tí ó ti pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ka ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan yìí ní ìlànà ọlọ́pàá, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ọjọ́ náà yóò ga ju ti ọ̀pọ̀ oṣù lọ: ìfọ́gbà-ẹ̀wọ̀n, ìbọn gbígbé, ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Bí a bá bi àwọn àgbẹ̀, wọn yóò ní àwọn ará wọn tí kò jí ohun ẹnikẹ́ni ni wọ́n lọ mú wálé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀, owó orí sì dín kù. Nínú ẹjọ́ yìí, ẹni tí ìjọba pè ní ọ̀daràn ni ó gba àre. Oríkì àtijọ́ náà tún ṣẹ, ṣùgbọ́n ta ni olè nínú rẹ̀?

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìbọn pọ̀ níta. Ní 1970 ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ikú ṣe ìdájọ́ adigunjalè. Òfin náà le, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí àárín ìlú tí kò ní olùṣọ́ àdúgbò mọ́ ju èyí tí àwọn ará ibẹ̀ bá fi owó ara wọn gbà. Irin wọ ojú fèrèsé. Géètì dí ojú títì tí ó ti wà ní ṣíṣí. Ẹgbẹ́ àwọn onílé di ìjọba kékeré tí ń gba owó ọdẹ lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, ní Ìbàdàn gan-an, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àgbà agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ṣe òfin tirẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ọdún 1930 yóò mọ̀ pé àríyànjiyàn kan náà ni ó wọ aṣọ tuntun: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti di ìhámọ́ra kí ó sì dá ènìyàn dúró lóru?

Kí ni à ń kà?

Èyí ni ó gbé wa dé orí ìṣirò. Láti wá ìwọ̀n ìwà ọ̀daràn, nǹkan méjì ni a nílò: iye ẹ̀ṣẹ̀ àti iye ènìyàn. Ní Ìbàdàn, méjèèjì ni kò dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ kí á mú iye ènìyàn. Ètò ìkànìyàn 1931 fún Ìbàdàn ní 387,133, ti 1952 fún un ní 459,196. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn kò fi gbogbo ọdún gbé Ìbàdàn. Ó ní ilé ní agbo ilé, ó ní abà ní oko kòkó. Ìgbà Iléyá, ìgbà òkú àti ìgbà oyè ni ó ń wálé. Ta ni kí á kà mọ́ ìlú, ta ni kí á kà mọ́ oko? Ìṣòro náà kò tíì tán. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba ìbílẹ̀ 5 tí ó wà láàárín ìlú ní ènìyàn 1,338,659. Bí a bá fi 6 tí ó yí wọn ká kún un, ó di 2,550,593. Ká ní ẹjọ́ olè 1,000 ni ó wà nínú ìwé ní ọdún kan. Bí a bá fi iye àkọ́kọ́ pín in, yóò jẹ́ nǹkan bí 75 nínú 100,000 ènìyàn. Bí a bá fi ìkejì pín in, yóò jẹ́ nǹkan bí 39. Olè kankan kò ronú pìwà dà. Ààlà ni a sún.

Iye ẹ̀ṣẹ̀ tún ṣòro ju èyí lọ. Ẹni tí wọ́n jà lólè ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjàa'ba lè kọ́kọ́ lọ bá mọ́gàjí, tàbí ọdẹ, tàbí olórí ọjà, tàbí babaláwo. Bí ó bá rí ẹrù rẹ̀ gbà, àgọ́ ọlọ́pàá kò ní gbọ́. Bí ó bá sì mọ̀ pé yóò náwó kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, yóò dákẹ́. Àdúgbò tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọlọ́pàá ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò pọ̀ nínú ìwé. Èyí tí kò gbẹ́kẹ̀ lé wọn yóò dàbí ilé àlàáfíà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fà nìkan ni ó wọ inú àtẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ń fi ọgbọ́n ìwé gbe olè lẹ́yìn. Rárá o. Ìyá tí jàgùdà já owó ọjà rẹ̀ gbà ní 1938 kò nílò òpìtàn kí ó tó mọ̀ pé ohun òun lọ. Ẹni tí adigunjalè pa bàbá rẹ̀ kò ní bi wá bóyá orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà yí padà. Ìrora wọn jẹ́ òtítọ́, ó sì yẹ kí ó wọ inú ìtàn. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí á gbé ìrora wọn lé orí ìlú kan bí ẹni pé àbùdá rẹ̀ ni, tàbí lé orí àdúgbò kan, tàbí lé orí àwọn tí èdè wọn yàtọ̀. Ìgbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan náà ni wọn yóò máa kó sọ́kọ̀ nígbàkigbà tí ìjọba bá fẹ́ fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́, ìwé wa ni wọn yóò sì fi gbe ara wọn lẹ́yìn.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ní ìgbà ogun, ààbò Ìbàdàn dúró lórí agbára bàbá-ogun. Ní ìgbà amúnisìn, ó dúró lórí ìwé kóòtù àti ìlà àdúgbò. Lẹ́yìn 1966, ó dúró lórí ọlọ́pàá tí ọ̀gá rẹ̀ jìnnà àti ọdẹ tí owó rẹ̀ wà lápò ará àdúgbò. Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn tí kò ní olórí tí yóò gbẹnu sọ fún wọn ni ó ń pàdánù, ì báà jẹ́ àwọn ni olóhun, ì báà jẹ́ àwọn ni a fẹ̀sùn olè kàn.

Nítorí náà, mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò tún ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí pé kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta kí wọ́n tó gbé àtẹ kankan kalẹ̀. Ta ni ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí sílẹ̀, kí sì ni ó fẹ́ fi ṣe? Ta ni òfin fún ní ẹ̀tọ́ láti mú nǹkan tàbí ènìyàn ní ìgbà náà? Níbo ni wọ́n fa ààlà ìlú sí? Àwọn àgbà ní gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ó ń wọ inú àkọsílẹ̀ tí à ń kà. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti wá àwọn ọjọ́ yòókù lọ.